Bí Ọwọ́ Géèjì Bá Wálẹ̀, Ẹ Má Tíì Yọ̀

Ó ku díẹ̀ kí ẹgbẹ́ wa tún kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sínú ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ baba wa gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe lọ́dọọdún. Mo gbọ́ pé ìgbìmọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá bọ́ọ̀sì tí owó rẹ̀ kò ní ga jù. N kò bá wọn jà lórí owó. Akẹ́kọ̀ọ́ ni gbogbo wa, a mọ bí àpò ti rí. Ohun tí mo fẹ́ bá wọn sọ ni ọ̀rọ̀ nǹkan kékeré kan tí kò tóbi ju ojú aago lọ, tí ó wà níwájú awakọ̀. Òun ni géèjì tí ó ń sọ bí omi inú ẹ́ńjìnnì ti gbóná tó.

Ìmọ̀ràn mi kò gùn. Ẹgbẹ́ wa kò gbọdọ̀ gba ọkọ̀ tí géèjì yìí ti kú, bí wọ́n bá tilẹ̀ fẹ́ gbé e fún wa ní ìdajì owó. Ẹnikẹ́ni tí yóò bá sì jókòó síwájú gbọdọ̀ mọ bí a ti ń kà á, kí ó sì ní ẹnu láti sọ ohun tí ó bá rí. Ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará ìyókù lọ́gbọ́n. Èmi wà nínú àwọn tí ó jìn sí kòtò.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023 ni. Àwa 18 ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ bọ̀. A ti gba Ìlọrin, a ti gba Kábbà àti Lọ́kọ́ja, a ti kọjá Abuja, a sì ti fi Akwanga sílẹ̀ lẹ́yìn. Iṣu àti gàrí tí àwọn ìyá wa dì fún wa ga gègèrè lórí ọkọ̀. Bọ́ọ̀sì náà jẹ́ irú èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lábẹ́ ìjókòó iwájú, àárín ni mo sì jókòó sí, lórí ẹ́ńjìnnì gan-an. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ òkè tí wọ́n ń pè ní Hawan Kibo, níbi tí ọkọ̀ ti ń gùn wá sí orí ilẹ̀ gíga Jos. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń fi ọgbẹ́ inú rẹ̀ hàn.

Bí a ti ń gùn ún ni mo rí ọwọ́ géèjì tí ó kúrò láàárín, tí ó ń rá lọ sí ọ̀dọ̀ H. Mo ní, "Ọ̀gá dẹ́rẹ́bà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo géèjì yìí." Kí ó tó dá mi lóhùn, ẹ̀gbọ́n kan láti ẹ̀yìn ti pariwo mọ́ mi pé kí n fi àgbà sílẹ̀ kí ó wakọ̀. Mo dákẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ọwọ́ géèjì náà dédé já wálẹ̀. Ó kọjá àárín, ó lọ dùbúlẹ̀ sí ìdí C bí ẹni tí oorun gbé. Awakọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Atẹ́gùn òkè Jos ti fẹ́ ẹ." Gbogbo ọkọ̀ pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí nǹkan kan tí kò yé mi: bí géèjì ti ń sọ pé ẹ́ńjìnnì ti tutù, bẹ́ẹ̀ ni ìjókòó tí mo jókòó lé ń gbóná sí i, débi pé mo ní láti ká aṣọ òtútù mi tẹ́ ẹ.

A kò tíì gùn ún tán tí a fi gbọ́ ìró kan lábẹ́ wa bí ìgbà tí ọmọ odó ń kan odó òfìfo. Agbára ọkọ̀ lọ, ọkọ̀ sì dúró. Wọ́n gbé ìjókòó mi kúrò, ooru àti òórùn irin jíjó sì kọ lu gbogbo wa lójú. Ọmọ ọkọ̀ wo inú rẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ní èdè Hausa: "Ruwa ya ƙare." Omi ti tán. Rọ́bà tí ó ń gbé omi lọ sí rédíétọ̀ ti là.

Ilẹ̀ ṣú bá wa níbẹ̀. N kò ní láti sọ fún ẹ̀yin tí a jọ ń gbé apá ibí ohun tí ó túmọ̀ sí kí ilẹ̀ ṣú bá èrò ọkọ̀ ní ojú ọ̀nà tí kò sí ilé. Ọ̀yẹ́ ń fẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn arábìnrin wa tí ó ní ikọ́ fée bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, oògùn rẹ̀ sì wà nínú àpò tí ó wà nísàlẹ̀ iṣu lórí ọkọ̀. A fi iná fóònù tú ẹrù kí a tó rí i. Ó kọjá aago mẹ́sàn-án alẹ́ kí ọkọ̀ mìíràn tó wá kó wa. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé kò sí ẹni tí ó bá a lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí n kò lè gbàgbé ni awakọ̀ wa tí ó jókòó sí ẹ̀bá títì tí ó ń sunkún. Ọkọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀ tán. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń san owó rẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì. N kì í ka ọ̀ràn náà sí i lọ́rùn nìkan. Gbogbo wa ni a pàtẹ́wọ́.

Kí ni ó dé tí ọwọ́ géèjì fi wálẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń jó? Ìbéèrè yìí kò jẹ́ kí n sùn. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi tí ó ń ṣe mẹkáníìkì ní Bukuru, mo sì fi ohun tí ó sọ fún mi wé ohun tí a ń kọ́ ní kíláàsì físíìsì. Ẹ jẹ́ kí n pín in pẹ̀lú yín.

Iná ni ó ń jó nínú ẹ́ńjìnnì, iná sì lè ba irin jẹ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe la ihò sí ara irin náà kí omi lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Pọ́ǹpù a máa ta omi náà káàkiri. Omi á gba ooru lára irin, á gbé e lọ sí rédíétọ̀, atẹ́gùn àti fáànù á sì gba ooru náà lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárín ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀ ni ilẹ̀kùn kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní tẹmosítáàtì. Bí omi bá ṣì tutù, ilẹ̀kùn náà á tì, kí ẹ́ńjìnnì lè tètè móoru. Bí omi bá gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 82 sí 90 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ilẹ̀kùn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí.

Ìdérí rédíétọ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ìlú Jos ga ju etí òkun lọ ní nǹkan bí mítà 1,200. Ní ibi tí ó ga tó bẹ́ẹ̀, omi inú ìkòkò tí a kò dé ń hó ní nǹkan bí ìwọ̀n 96, kì í ṣe 100. Ìdí nìyí tí ẹ̀wà fi ń pẹ́ lórí iná wa níhìn-ín ju ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ. Ìdérí rédíétọ̀ tí ó dára a máa há omi mọ́ inú, a máa tẹ̀ ẹ́ débi pé omi kò ní hó títí yóò fi sún mọ́ ìwọ̀n 120. Bí ìdérí yìí bá ti gbó, tàbí bí rọ́bà bá là, agbára tí ó ń tẹ omi mọ́lẹ̀ á lọ, omi tí ó ti gbóná ju 100 lọ á sì hó lẹ́ẹ̀kan náà, á di ooru, á sá lọ. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa ní Hawan Kibo nìyẹn.

Ó wá ku géèjì. Ní Amẹ́ríkà, láti nǹkan bí ọdún 1912, wọ́n ń ta ohun kan tí ń jẹ́ Boyce MotoMeter. Orí ìdérí rédíétọ̀ níwájú ọkọ̀ ni ó máa ń wà, awakọ̀ á sì máa wò ó láti orí ìjókòó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni géèjì wọ inú ọkọ̀. Irú kan ń lo ọ̀pá oníhò tẹ́ẹ́rẹ́ tí a tẹ̀ kọdọrọ, èyí tí Eugène Bourdon ará Faransé gba ìwé àṣẹ lé lórí ní ọdún 1849: bí ohun tí ó wà nínú ọ̀pá bá gbóná tí ó fẹ̀, ọ̀pá á fẹ́ nà, á sì fa ọwọ́ géèjì lọ sókè.

Ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a ń wọ̀ nísinsìnyí yàtọ̀ sí èyí. Sẹ́ńsọ̀ kékeré kan ni wọ́n dè mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, tí orí rẹ̀ rì sínú omi. Inú orí náà ni ohun kan wà tí ó ń dènà iná mànàmáná, ṣùgbọ́n tí ìdènà rẹ̀ ń dín kù bí ó ti ń gbóná sí i. Michael Faraday ti kíyè sí irú ìwà yìí lára èròjà fàdákà kan láti ọdún 1833. Nínú irú sẹ́ńsọ̀ kan tí ó wọ́pọ̀, ìdènà náà tó nǹkan bí 2,500 ohm nígbà tí omi wà ní ìwọ̀n 20. Bí omi bá dé 100, kò ní tó 200 mọ́. Bí ìdènà ti ń dín kù ni iná tí ó ń kọjá ń pọ̀ sí i, iná yìí ni ó sì ń gbé ọwọ́ géèjì láti C lọ sí H. Nínú ọkọ̀ ìgbàlódé, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ni ó ń ka sẹ́ńsọ̀, òun ni yóò sì sọ ibi tí ọwọ́ yóò dúró.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi etí sí ibi tí mo dé yìí, nítorí òun ni kókó ọ̀rọ̀. Sẹ́ńsọ̀ kò mọ ẹ́ńjìnnì. Ohun tí ó bá kàn án lórí nìkan ni ó mọ̀. Bí omi bá kàn án, ìròyìn omi ni yóò mú wá. Bí omi bá ti tán, tí ó wá ń rọ̀ nínú atẹ́gùn, ìròyìn atẹ́gùn ni yóò mú wá, atẹ́gùn kò sì mọ bí a ti ń gbé ooru bí omi. Irin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè máa pọ́n bí ẹyin iná, kí òun máa sọ pé ara tutù. Ẹlẹ́rìí tí ó ti kúrò níbi ìṣẹ̀lẹ̀ ni. Kò purọ́, ohun tí ó rí ni ó sọ. Àwa tí a kò bi í léèrè ibi tí ó dúró sí ni a ṣi ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́.

Nítorí náà, bí ọwọ́ géèjì bá ti gùn lọ sókè, tí ó wá dédé já wálẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń gun òkè, ẹ má pàtẹ́wọ́. Ẹ ní kí awakọ̀ dúró. Ọkọ̀ tí ó ń tutù ní tòótọ́ a máa tutù díẹ̀díẹ̀, kì í já bí ọsàn.

Ó tún ku ohun méjì tí géèjì fi ń tàn wá jẹ. Èkíní ni pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìwòyí, àwọn tí ó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ọwọ́ dúró sí àárín bí omi tilẹ̀ ń lọ sókè sódò láàárín nǹkan bí ìwọ̀n 75 sí 105, kí ọkàn ẹni tí ó ń wakọ̀ má baà máa dààmú. Ìyẹn ni pé nígbà tí ọwọ́ bá máa kúrò láàárín, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ bọ́ sórí. Àwọn ọkọ̀ mìíràn kò ní ọwọ́ rárá. Iná búlúù ń sọ pé ó tutù, iná pupa ń sọ pé ó ti gbóná jù. Ẹni tí ó bá dúró de pupa ti pẹ́.

Èkejì ni iṣẹ́ ọwọ́ àwa ènìyàn. Bí wáyà sẹ́ńsọ̀ bá já, ọwọ́ géèjì inú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ á sùn sí C, a ó sì máa rò pé àlàáfíà ni. Àwọn mẹkáníìkì kan sì ní àṣà yíyọ tẹmosítáàtì dànù, wọ́n á ní ilẹ̀ tiwa gbóná, a kò nílò rẹ̀. Àbúrò bàbá mi kò fẹ́ràn àṣà yìí, èmi náà kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ní àárọ̀ ọ̀yẹ́ Jos, ẹ́ńjìnnì tí kò ní tẹmosítáàtì kì í tètè móoru. Epo tí ó ń mu á pọ̀, ó sì ń jẹ ara rẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé géèjì rẹ̀ á máa wà nísàlẹ̀ nígbà gbogbo, ojú wa á ti mọ́ ọn níbẹ̀, a kò sì ní mọ ọjọ́ tí omi bá tán.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní bí géèjì bá lè tan ènìyàn jẹ báyìí, kí ni a fẹ́ fi í ṣe? Ìdáhùn mi ni pé a kì í lé ẹlẹ́rìí kúrò ní kóòtù nítorí pé ibi kan ṣoṣo ni ojú rẹ̀ tó. A máa ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ wé ti àwọn ẹlòmíràn ni. Ìjókòó mi jẹ́rìí lọ́jọ́ náà, imú wa jẹ́rìí, agbára ọkọ̀ tí ó ń dín kù náà jẹ́rìí. Ká ní mo mọ ohun tí mo ń wò ni, ọ̀kan nínú wọn ì bá tó mi.

Àwọn mìíràn á ní iṣẹ́ awakọ̀ ni, kì í ṣe ti èrò, àti pé ọmọ tí a kọ́ kì í kọ́ àgbà níṣẹ́ rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún èyí. Ilé tí wọ́n ti kọ́ mi láti kúnlẹ̀ kí àgbà ni mo ti wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Jos ni wọ́n bí mi sí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ni wọ́n sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Awakọ̀ ní títì láti wò, ó ní ihò láti yà fún, ó sì ní ọkọ̀ ńlá lẹ́yìn rẹ̀. Ojú kejì kò bu àgbà kù. Èyí tí ó bu ènìyàn kù ni kí a pa ẹni tí ó rí nǹkan lẹ́nu mọ́.

Ohun tí mo ń bẹ ìgbìmọ̀ wa fún nìyí. Kí wọ́n lọ wo bọ́ọ̀sì ní àárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ta á. Kí wọ́n ṣí rédíétọ̀ nígbà tí ó tutù, kí wọ́n rí omi tí ó kún dé ẹnu. Kí wọ́n fi ọwọ́ tẹ àwọn rọ́bà omi bóyá wọ́n ti là tàbí wọ́n ti rọ̀ jù. Kí wọ́n ta ọkọ̀, kí ọwọ́ géèjì wà ní C. Kí wọ́n sì wà á yí ìlú ká fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ọwọ́ bá dìde, tí ó dúró nítòsí àárín, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ owó. Bí ó bá ṣì sùn sí C, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ olówó ọkọ̀, kí ẹ sì wá òmíràn.

Lójú ọ̀nà, bí ọwọ́ bá ń lọ sí H, kí wọ́n pa ẹ̀rọ amúlétutù, kí wọ́n sì tan ẹ̀rọ amúgbóná ọkọ̀ dé òpin bí ó bá ní in. Ooru á bá gbogbo wa, ṣùgbọ́n láti inú ẹ́ńjìnnì ni ooru náà ti ń jáde. Kí wọ́n wá ibi tí kò léwu, kí wọ́n dúró, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀ títí yóò fi tutù, bí ó tilẹ̀ gba wákàtí kan. Omi tí ó wà nínú rẹ̀ lè bó ojú ènìyàn. Kí wọ́n má sì da omi tútù sí ẹ́ńjìnnì tí ó ń jó, irin á sán. Kí kẹ́ẹ̀gì omi wà nínú ọkọ̀, nísàlẹ̀, kì í ṣe lábẹ́ iṣu. Oògùn ẹnikẹ́ni tí ó bá ní àìlera náà, ọwọ́ rẹ̀ ni kí ó wà.

Ní kíláàsì, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ mi nípa ooru àti iná. Ní ìsọ̀ mẹkáníìkì, Hausa ni mo fi mọ orúkọ irinṣẹ́. Ní òru ọjọ́ yẹn ní Hawan Kibo, Hausa náà ni a fi gbọ́ pé omi ti tán, nígbà tí gbogbo àwa tí a ń pàtẹ́wọ́ jẹ́ ọmọ Yorùbá. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ ní Yorùbá, kí ẹni tí yóò jókòó síwájú lọ́dún yìí má baà ní ẹnì kankan kò sọ fún òun.

Bí ẹ bá fún mi láyè, èmi ni n óò jókòó síbẹ̀. Bí mo bá sì sọ̀rọ̀, ẹ má pariwo mọ́ mi.

Àlọ yóò dára, àbọ̀ yóò sunwọ̀n. Ire o.